Ọkọ̀ Dúdú Tó Wà ní Oníkàn

Ní ọdún 1975 wọ 1976, akọ̀wé kékeré ni mí ní ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Èkó. Múṣin ni mò ń gbé. Mo ní láti jí kí àkùkọ tó kọ kí n tó lè rí bọ́ọ̀sì wọ̀ dé Ìkòyí, nítorí ẹni tó bá gun ọkọ̀ jáde ní Èkó ìgbà náà kò mọ ìgbà tí yóò dé ibi tó ń lọ. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ yẹn ni a ti máa ń rí olórí orílẹ̀-èdè.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí àwọn ọmọ òde òní kì í gbà mí gbọ́. Ọ̀gágun Murtala Mohammed, olórí ìjọba ológun, máa ń jáde láti ilé rẹ̀ ní Ìkòyí lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Dódán Bárékè nínú Mẹ́sídíìsì dúdú kan ṣoṣo. Kò sí sáírẹ́ẹ̀nì níwájú, kò sí ọlọ́pàá alùpùpù lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sí ọkọ̀ ṣọ́jà lẹ́yìn. Bí ọ̀nà bá dí fún àwa, ó dí fún òun náà. Mo rí ọkọ̀ yẹn lójú ara mi, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ọmọkùnrin kan tó ń ta ìwé ìròyìn ní oríta máa ń kó ẹrù rẹ̀ sí abíyá, yóò dúró gbọn-in bí ṣọ́jà, yóò gbé ọwọ́ sí iwájú orí kí i. Inú wa máa ń dùn. Ó dà bí ẹni pé a ní olórí tó mọ bí oòrùn Èkó ṣe ń pa wá.

Bàbá mi kò fẹ́ràn bó ṣe ń dá rìn yẹn rárá. Télọ̀ ni bàbá, ọmọ bíbí Ọ̀yọ́ ni, ó sì ti ń gbé Èkó kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn fún un pé a tún rí Murtala ní ojú ọ̀nà, kò gbé ojú kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó ní, "Ọba kì í dá rìn." Mo ní, "Bàbá, kì í ṣe ọba, ológun ni." Ó ní, "Ìyẹn gan-an ló fi yẹ kó mọ̀ jù."

Bàbá ti rí nǹkan. Ó ti rí ọdún 1966.

Ọdún náà, àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì wà lára ògiri pálọ̀ wa. Owó oṣooṣù ni à ń san lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 àti 12 oṣù Kíní, kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn ju ti ìpàdé àwọn olórí ìjọba Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń ṣe ní Èkó, lórí wàhálà ilẹ̀ Rhodesia. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa gbé irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ jáde kúrò ní London. Harold Wilson, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wá. Ọlọ́pàá àti ṣọ́jà kún ojú títì débi pé bàbá ní olè kò ní rí ibi dúró sí ní ọ̀sẹ̀ náà. Àwọn àlejò jẹ, wọ́n mu, ọ̀pọ̀ wọn sì padà sílé wọn ní àlàáfíà.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ní òru tí ilẹ̀ fi mọ́ sí Sátidé, ọjọ́ 15, àwọn ṣọ́jà wọ ilé olórí ìjọba, Alhaji Abubakar Tafawa Balewa, wọ́n sì mú un lọ. Archbishop Makarios ti Cyprus, ọ̀kan lára àwọn àlejò yẹn, ṣì wà ní Enugu nígbà náà. Àlejò ń bẹ lábẹ́ ààbò, onílé ni wọ́n gbé lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni a gbọ́ pé wọ́n rí òkú rẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà Abẹ́òkúta. Wọ́n pa Okotie-Eboh, mínísítà ìṣúná, wọ́n pa Akintola, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ní Ìbàdàn, wọ́n pa Sardauna, olórí ìjọba Àríwá, ní Kaduna.

Ẹnu kò gba ohun tí a gbọ́ lẹ́yìn náà. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan wà ní Èkó tí wọ́n ń pè ní Federal Guards. Iṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ gbé lé wọn lọ́wọ́ ni kí wọ́n ṣọ́ àwọn olórí. Ọ̀gá wọn, Májọ̀ Donatus Okafor, wà lára àwọn májọ̀ tó dìtẹ̀. Bàbá tún ọ̀rọ̀ náà gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò kan, ó sì jókòó fún ìgbà pípẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ òwe yẹn, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ ọ kí ó dùn mí lára bí ó ti dùn mí ní ọjọ́ náà.

Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni bàbá ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ fún mi. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò kéré. Ó ní ẹ̀ṣọ́ Aláàfin láyé àtijọ́ jẹ́ 70, akọni ni gbogbo wọn, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò sì ni olórí wọn. Ó ní ẹ̀ṣọ́ tó bá fara gba ọfà ní ẹ̀yìn ti kú ikú ìtìjú, torí ó ti kọ ẹ̀yìn sí ogun. Ó sọ ti àwọn ìlàrí, àwọn ìránṣẹ́ ààfin tí wọ́n máa ń fá apá kan orí wọn, tó jẹ́ pé ọba fúnra rẹ̀ ló ń fún wọn lórúkọ. Ó wá sọ ti olókùn-ẹṣin àti àwọn abọ́bakú mìíràn: ọjọ́ tí ọba bá wàjà, ọjọ́ tiwọn náà ti pé. Ó fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nà sí mi. "Irú ẹni bẹ́ẹ̀, èló ni ẹnikẹ́ni fẹ́ fún un kó tó ta ọba?"

Mi ò fara mọ́ àṣà yẹn. Kí ẹ̀dá Ọlọ́run máa kú torí pé ẹlòmíràn kú, ìwà ìkà ni mo kà á sí, inú mi sì dùn pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tí bàbá ń sọ. Ohun tí mò ń bi ara mi ni pé, nígbà tí a ti mú ikú kúrò níbẹ̀, kí ni a fi rọ́pò rẹ̀? Kí ni yóò mú kí ọmọkùnrin tó ń gba owó oṣù dúró síwájú ìbọn nítorí ẹlòmíràn?

Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi dáhùn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1966 kan náà, Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi tó gorí àlééfà lẹ́yìn Balewa wà ní Ìbàdàn, ó wá bá àwọn lọ́balọ́ba ṣe ìpàdé, ilé ìjọba ló sì sùn. Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, ni onílé. Àwọn ṣọ́jà yí ilé náà ká. Wọ́n mú àlejò, Fájuyì kò sì jẹ́ kí àlejò rẹ̀ dá lọ. Ní Lálúpọn ni wọ́n ti pa àwọn méjèèjì. Fájuyì kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ẹnikẹ́ni, kò sí òfin tó ní kó kú. Nígbà tí ìròyìn náà délé wa, bàbá dìde, ó ṣí bẹ̀rẹ́ẹ̀tì orí rẹ̀, ó sì gbé e sí àyà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí màá rí i kó ṣí fìlà nítorí ṣọ́jà nìyẹn.

Ọdún mẹ́sàn-án géérégé lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ 29 oṣù Keje náà ni, ọdún 1975, Ọ̀gágun Gowon, tó gba ìjọba lẹ́yìn Aguiyi-Ironsi, wà ní Kampala níbi ìpàdé àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà. A gbọ́ ohùn kan lórí rédíò ní àárọ̀ pé ìjọba ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló ń sọ̀rọ̀? Kọ́nẹ́ẹ̀lì Joseph Garba, ọ̀gá Brigade of Guards. Ẹni tó ń ṣọ́ ilé fún Gowon ni. Ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ta sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn, ṣùgbọ́n bàbá wò mí láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Kò nílò kó sọ ọ́.

Báyìí ni Murtala ṣe dé, tí ó sì ń dá rìn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976. Bọ́ọ̀sì wa pẹ́. Tí kò bá pẹ́ ni, mi ò mọ ibi tí ǹ bá wà. Nígbà tí mo fi sọ̀ kalẹ̀ tí mo ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ, mo ṣàkíyèsí pé àwọn tó ń bọ̀ wá pàdé mi kò rìn bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́. Obìnrin kan gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń sáré. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù àti táì ń sọ pé, "Ẹ padà, ẹ padà," kò sì dúró sọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di pé mo rí ẹni tí mo mọ̀, ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó sì sọ ọ́ ní etí mi: wọ́n ti yìnbọn sí Murtala ní tòsí Sẹkitéríàtì, nínú sún-kẹrẹ, nínú ọkọ̀ rẹ̀.

A sá wọ ọ́fíìsì kan tí rédíò wà. Orin ológun ń dún. Ọ̀gágun Buka Suka Dimka, tó ń ṣe olórí ẹ̀ka eré ìdárayá àwọn ọmọ ogun, sọ̀rọ̀ pé àwọn ti gba ìjọba. Ó kéde kónílé-ó-gbélé láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹ rò ó wò: ojúmọmọ ni kí gbogbo Èkó wà nílé, òru ni kí a jáde. Gbogbo wa ti wà níta ná. Ọ̀gá mi, àgbàlagbà kan, bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níbi tó jókòó sí, kò sì bo ojú. Mo fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìkòyí dé Múṣin. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn ọmọ ogun tí kò sí nínú ọ̀tẹ̀ ti gba ilé iṣẹ́ rédíò padà, Dimka ti sá. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó mú un ní agbègbè Abakaliki. Nígbà tí wọ́n tú ìdí ọ̀rọ̀ náà, mínísítà tó ń rí sí ètò ààbò fúnra rẹ̀, Ọ̀gágun Bisalla, wà lára àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Murtala nìkan kọ́ ló kú nínú ọkọ̀ náà, èyí ló sì ń dùn mí dòní. ADC rẹ̀, ìyẹn ọmọ ogun tó jẹ́ olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, Lẹ́fútẹ́náǹtì Akíntúndé Akínsẹ̀hìnwá, ọ̀dọ́mọkùnrin Yorùbá, kú. Awakọ̀ rẹ̀, Sájẹ́ǹtì Adamu Michika, kú. Àwòrán Murtala wà lórí náírà 20 láti ọdún 1977, orúkọ rẹ̀ wà lórí pápákọ̀ òfurufú Èkó. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, mi ò ṣàríwísí. Ṣùgbọ́n ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ń ná náírà yẹn, kí ẹ wo iye tí yóò dárúkọ awakọ̀ náà fún yín. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìtọ́kọ̀ nígbà tí ọ̀nà dí níwájú tó sì dí lẹ́yìn. Ibo ni ì bá gbà?

Láti ọjọ́ yẹn ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀nà ààbò ṣe, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ nípa rẹ̀, torí mo bá ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà gbé àdúgbò kan. Ẹ̀gbọ́n ni mo máa ń pè é. Special Branch ti iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ló ti bẹ̀rẹ̀. Kí ọdún 1976 tó dé, àwọn ló ń ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fún ìjọba àpapọ̀, àwọn náà ló sì ń tẹ̀ lé àwọn ọlọ́lá. Lẹ́yìn ikú Murtala ni ìjọba Ọbásanjọ́ tó rọ́pò rẹ̀ dá àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ NSO sílẹ̀ nípa òfin, Ẹ̀gbọ́n sì bá wọn lọ. Ní ọdún 1986, ìjọba Babangida pín NSO sí mẹ́ta: SSS fún inú ilé, NIA fún òkè òkun, DIA fún ti àwọn ológun. SSS yẹn ni gbogbo ayé ń pè ní DSS báyìí. Ẹ̀gbọ́n fẹ̀yìn tì láìpẹ́ lẹ́yìn náà, ó kọ́ ilé kékeré kan ní Ìbàdàn, mo sì kọ́ tèmi sí ojúlé kejì sí i.

Kì í sọ ọ̀rọ̀ àṣírí. Tí mo bá bi í ní ohun tí kò fẹ́ dáhùn, yóò ní, "Àbúrò, jẹ obì rẹ." Ṣùgbọ́n ó máa ń sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Ó ní ènìyàn máa ń rò pé ìbọn ni iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́. Ó ní rárá, àga ni. Tí olórí bá ń lọ sí gbọ̀ngàn kan ní Sátidé, àwọn ti débẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀. Wọ́n á gbé àga kọ̀ọ̀kan sókè wò. Wọ́n á ṣí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wọ́n á mọ ibi tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn já sí, wọ́n á mọ ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jù àti ọ̀nà méjì tó dé ibẹ̀. Wọ́n á bi alásè pé ta ló gé ẹran. Ó ní ṣọ́jà Brigade of Guards ló ni odi àti ẹnu géètì, ọlọ́pàá ló ni ojú ọ̀nà àti èrò, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló sì ni ibi tó kù láàárín ara olórí àti ara ará ìlú. "Ibi tó kù yẹn," ó ní, "kò ju ìwọ̀n apá kan lọ." Ó na apá rẹ̀ kí n lè rí i.

Ó ní ohun tó le jù lọ nínú iṣẹ́ náà ni pé wọn kì í wo olórí. Gbogbo ayé ló ń wò ó, àwọn nìkan ni wọn kò gbọdọ̀ wò ó. "Ojú ni ará ìlú ń wò. Ọwọ́ ni àwa ń wò." Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, ẹni tó ń ké "ẹ kú iṣẹ́," ẹni tó gbé ọmọ pọ̀n, kí ni ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe? Kí ló dé tí ọwọ́ yẹn wà nínú agbádá nígbà tí gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́? Àṣà náà kò fi í sílẹ̀. Nígbà tí mo ń ṣe ìgbéyàwó ọmọbìnrin mi àgbà, mo fún un ní àga níwájú pẹ̀lú àwọn ẹbí. Nígbà tí n óò fi bojú wẹ̀yìn, ó ti gbé àga náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Iyán ń tutù níwájú rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń ná owó fún ìyàwó, wọ́n ń ti ọwọ́ bọ àpò, wọ́n ń fà á yọ, Ẹ̀gbọ́n sì ń fi ojú tẹ̀ lé ọwọ́ kọ̀ọ̀kan láti àpò dé iwájú orí ọmọ mi.

Òun náà ló jẹ́ kí n mọ ìwúwo ikú U. K. Bello. Ní Sunday, ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 1990, àwọn ọmọ ogun tí Májọ̀ Gideon Orkar sọ̀rọ̀ fún lórí rédíò kọ lu Dódán Bárékè. Babangida rí ọ̀nà jáde. Lẹ́fútẹ́náǹtì Kọ́nẹ́ẹ̀lì Bello, ADC rẹ̀, kò rí i. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé inú ọ̀pọ̀ ará ìlú kò dùn sí ìjọba náà, ọ̀pọ̀ ní àdúgbò wa sì ń sọ pé kí ló dé tí wọn kò rí ọ̀gá rẹ̀ mú. Ẹ̀gbọ́n bínú sí wọn. Ó ní ẹ lè kórìíra ẹni tó jókòó lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró níwájú kò ṣe yín ní nǹkan kan. Mo rò ó títí, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní oṣù Kejìlá 1991, ìjọba kó lọ sí Àbújá pátápátá, ó wọ abẹ́ àpáta Aṣò, Èkó kò sì rí olórí orílẹ̀-èdè nínú sún-kẹrẹ mọ́.

Ti ìgbà ìjọba ológun Abacha, mi ò fẹ́ pẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ìgbà náà pọ̀ ju tàtẹ̀yìnwá lọ, ẹ̀rù wọn sì ń ba ará ìlú ju ẹ̀rù olè lọ. Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ bá di ohun tí a ń sá fún, kì í ṣe olórí nìkan ló ń ṣọ́ mọ́.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìgbà alágbádá, ní ìlú tí mò ń gbé, sí ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Uncle. Bọ́lá Ìgè jẹ́ mínísítà ìdájọ́ fún gbogbo Nàìjíríà. Kò sí ẹni tó yẹ kí òfin dáàbò bò jù ú lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2001, níbi ayẹyẹ kan ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn jàǹdùkú dojú kọ ọ́, wọ́n sì ṣí fìlà lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti darúgbó nígbà náà, kò jáde mọ́. Nígbà tó gbọ́ ti fìlà náà, ó ní kí n jókòó. Ó ní, "Ẹni tí wọ́n bá ṣí fìlà lórí rẹ̀ ní gbangba, wọ́n ti fi hàn yín pé ọwọ́ lè dé orí rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni kí ẹ ti yí gbogbo ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ padà." Ó béèrè bóyá wọ́n ti yí wọn padà. Ta ni èmi tí màá mọ̀?

Ní alẹ́ Sunday, ọjọ́ 23 oṣù náà, Kérésìmesì ku ọjọ́ méjì, wọ́n wọlé bá Uncle Bọ́lá nínú yàrá rẹ̀ ní Bódìjà, wọ́n yìnbọn pa á. Àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n yàn láti ṣọ́ ọ ti jáde lọ jẹun. Ìbàdàn kò sùn. Mo ń gbọ́ ẹkún láti ilé sí ilé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí ẹni pé inú ilé kọ̀ọ̀kan ló kú sí. Mo kọjá sí ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n. Rédíò wà lórí itan rẹ̀, ó ti pa á. Ó béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi, ó sì ń tún un béèrè títí ọ̀sán:

"Gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí.

"Ta ló dúró? Nínú gbogbo wọn, ta ló ní ebi kò pa òun?"

Wọ́n sin Uncle Bọ́lá sí Ẹ̀sà-Òkè. Wọ́n mú àwọn kan, wọ́n gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, wọ́n tú wọn sílẹ̀. Títí di òní, kò sí ẹnì kan tí ilé ẹjọ́ sọ pé òun ló pa á. Ẹ̀gbọ́n kú láìgbọ́ ìdáhùn ìbéèrè rẹ̀, èmi náà sì ń darúgbó lọ pẹ̀lú rẹ̀ lọ́kàn. Àjọ wà, òfin wà, ìbọn wà. Abọ́ oúnjẹ kan ló tó láti mú gbogbo rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe rí lónìí. Òfin ní kí DSS ṣọ́ ààrẹ àti igbákejì rẹ̀, ìdílé wọn, àwọn olórí ilé aṣòfin, àwọn gómìnà, àti àlejò pàtàkì láti ilẹ̀ òkèèrè. Mo fara mọ́ ọn. Ẹni tí ìlú bá gbé ẹrù lé lórí, kí ìlú ṣọ́ orí náà. Ìlú ló ń jìyà tí olórí bá kú ikú òjijì, mo rí i ní ọdún 1966, mo rí i ní 1976. Ṣùgbọ́n olówó kékeré, ọmọ olóṣèlú, olórin, gbogbo wọn ló ti mú ọlọ́pàá rìn. Mo rí sájẹ́ǹtì kan ní ilé ìtajà tó gbé báàgì ìyáàfin kan lọ́wọ́ òsì, tó gbé ìbọn lọ́wọ́ ọ̀tún. Irun rẹ̀ ti funfun. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ bí Ẹ̀gbọ́n ṣe kọ́ mi, mo sì rí i pé kò lè fi ọwọ́ méjèèjì ṣe ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbà á síṣẹ́. Àgọ́ ọlọ́pàá tó wà ní àdúgbò wa, nígbà tí olè jà wá, ọlọ́pàá méjì ló wà níbẹ̀, wọn kò sì ní ọkọ̀.

Èmi fúnra mi ti rí tiwọn. Bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ ọlọ́lá kan, tí n kò ní dárúkọ, tì wá sínú kòtò torí pé a kò tètè yà. Ọwọ́ òsì mi ṣẹ́. Ọmọkùnrin kan na kòbókò síta láti fèrèsé bí wọ́n ṣe ń kọjá, ó nà án mọ́ ara bọ́ọ̀sì wa tó ti dojú délẹ̀. Wọn kò dúró. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn nínú kòtò náà ni Mẹ́sídíìsì dúdú kan tó dúró pẹ̀lú wa nínú oòrùn. Mi ò sọ pé kí olórí máa dá rìn. Bàbá mi ló jàre, àwa tí inú wa ń dùn ni kò mọ̀. Síbẹ̀, mo ti rí olórí tó bá wa dúró, mi ò sì lè ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ọkọ̀ náà wà ní Mùsíọ́mù Oníkàn, ní Èkó. Ẹnikẹ́ni ló lè lọ wò ó. Ní ọdún tó kọjá, mo mú ọmọ-ọmọ mi ọkùnrin lọ, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ó dákẹ́ nígbà tó rí ihò ọta ìbọn lára gíláàsì àti lára irin. Ó yí i ká. Ó béèrè ibi tí ọkọ̀ àwọn ọlọ́pàá wà. Mo ní kò sí. Ó ní kí ló dé. Mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún un, kò sì gbà mí gbọ́ tán, mo rí i lójú rẹ̀.

Ó wá tẹjú mọ́ ibi tí ìtọ́kọ̀ wà. "Bàbá àgbà, ta ló wà á?"

Mo ní, "Adamu Michika ni orúkọ rẹ̀. Sájẹ́ǹtì ni."

Ẹnu rẹ̀ kò tètè gbé e. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan, ó ṣì í pè. Mo tún un pè fún un díẹ̀díẹ̀, ó sì ń bá mi pè é títí tó fi bọ́ sí i lẹ́nu.